Ẹkún Ẹ̀rọ Kẹta

Iṣẹ́ tí wọ́n gba Gírísì fún kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ̀rọ má sunkún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́máànù ṣe sọ ọ́ ní àárọ̀ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, nígbà tó na ìbọn gírísì sí i, irin gígùn kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí gírísì lè wọ inú ẹ̀rọ níbi tí ìka kò tó. Fọ́máànù ní bí ó bá gbọ́ ẹkún kí àwọn tó kù tó gbọ́, ó ti jẹun. Bí àwọn bá gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀, kó lọ wá ibòmíì jókòó sí. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Gírísì ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, gírísì náà ló sì wà lára gbogbo aṣọ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ń ṣe abọ́ àti ọmọrí ìkòkò. Páànù pẹlẹbẹ ń gba ẹ̀yìn wọlé, abọ́ tó ń dán ń gba iwájú jáde, àárín méjèèjì sì ni àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀ tò sí bí àgbà tó ń bínú: wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, ilẹ̀ á mì. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á ti páànù sábẹ́ rẹ̀, á yọ ọwọ́, á fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ á bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dìde, á dúró. Ìgbà yẹn ni onítọ̀hún á tó na ọwọ́ yọ abọ́. Gbogbo ààbò tó wà nínú iṣẹ́ náà kò ju "á dúró" yẹn lọ. Ohun tó sì ń mú kó dúró ni àwọn irin róbótó tó wà lọ́rùn ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní bíárìn. Bí bíárìn bá gbẹ, á kọ́kọ́ sunkún. Bí wọ́n bá jẹ́ kó sunkún pẹ́, á há, ẹ̀rọ kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó dúró mọ́.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kẹta ni ẹ̀gbọ́n Gírísì. Bọ̀dá Kẹta ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Òun ló mú àbúrò rẹ̀ wọṣẹ́, òun náà ló sì tọ́ ọ. Baba wọn kú nígbà tí Gírísì ṣì ń rákòrò. Ẹ̀gbọ́n fi iléèwé sílẹ̀ lọ́dún náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni. Kì í jẹun àfi bó bá fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó sàn jù nínú ohun gbogbo ló sì máa ń fi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, títí kan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú yàrá tí wọ́n jọ ń sùn. Ìyá wọn, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, ló ni yàrá kejì. Ìyá náà máa ń sọ pé ọmọ tí òun bí gbẹ̀yìn kì í gbọ́ ìpè, ìró nìkan ló ń gbọ́. Bí wọ́n bá pè é títí ọ̀fun wọn fi gbẹ, kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí fáànù bá yí ohùn padà ní yàrá kejì, ó ti dìde.

Ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe rédíò ni Gírísì ti pàdé ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ọ̀mọ̀wé. Ọ̀mọ̀wé ti kàwé gboyè nípa bí iná àti ìró ṣe ń rìn, kò sì sí ọ́fíìsì kan tó rí ohun tó lè fi ìyẹn ṣe. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní ìṣirò lẹ́yìn iléèwé, ó sì ń fi sùúrù kórìíra wọn. Lọ́jọ́ náà, àárín àwọn rédíò tó ti kú ló ti ń ṣa èyí tó fẹ́ rà. Alátùn-únṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọ̀gá, èyí tó ń sọ̀rọ̀ wà lórí pẹpẹ. Ọ̀mọ̀wé ní kó má bínú, èyí tó dára kò ní nǹkan láti sọ. Gírísì, tó wá gba fáànù ìyá rẹ̀, ti gbé etí lé ọ̀kan nínú àwọn òkú rédíò náà. Ó ní èyí ń kùn nísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún láàárín àlejò. Ọ̀mọ̀wé wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Bí Ìpẹtà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ olórin wọn nìyẹn. Ẹni kẹta wọn ni Aránṣọ, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ya níbi tí ohùn ẹlòmíì ti ń dùn. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan wá tí eyín rẹ̀ kan ti kán, tó fi jẹ́ pé bó bá ti ń lọ, á fo ibì kan. Fífò yẹn ni ìlù wọn. Ọ̀mọ̀wé so àwọn òkú rédíò mọ́ra wọn títí wọ́n fi ń bú ramúramù. Gírísì ń lu páànù, ó sì ń gba ohùn ohun gbogbo sílẹ̀ sínú rẹ́kọ́dà kékeré tó ń wọ àpò àyà: ilẹ̀kùn onírin, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi tí omi ti tán nínú rẹ̀. Wọ́n ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nínú ilé yìnyín àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń fi ẹja pamọ́ rí. Òórùn ẹja kò kúrò lára ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri náà nípọn, kò sì sí aládùúgbò tó lè gbọ́ wọn kó wá fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n.

Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ jáde sí ni gbọ̀ngàn iléèwé kan, lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún àwọn tó parí ẹ̀kọ́. Wọ́n lu ohun tí wọ́n ní, wọ́n bú ramúramù, Aránṣọ sì fi fífa aṣọ ya níwájú maikirofóònù parí rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní ó ti hàn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ báyìí, kí wọ́n jọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n ti parí. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ariwo ni àwọn ènìyàn yìí ń gbé láti òwúrọ̀ dalẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnì kan máa fi orin purọ́ fún wọn pé ibòmíì ni wọ́n wà. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn fún ọdún bíi mélòó kan. Ibi tí wọ́n bá pè wọ́n sí, wọn kì í pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Òfin kan ṣoṣo ni Ìpẹtà ní: wọn kì í tún nǹkan ṣe. Ohun tó bá ń bàjẹ́, wọ́n á jẹ́ kó máa bàjẹ́ lọ, wọ́n á sì máa gbọ́ ọ. Ọ̀mọ̀wé ní ohun tó gún régé ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó ń kú lọ ló ṣì ní ìtàn lẹ́nu. Nígbà kan, Gírísì rí i pé wáyà kan ti já lẹ́yìn sípíkà, ó sì so ó padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀mọ̀wé gbọ́ ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ó pa gbogbo iná, ó jókòó sínú òkùnkùn ilé tí kò ní fèrèsé títí àwọn méjì tó kù fi táràrà wá ẹnu ọ̀nà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Gírísì fúnra rẹ̀ ló já wáyà náà. Tayọ̀tayọ̀ ló fi já a. Òfin yẹn ló jẹ ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ pé òfin kankan wà.

Ẹ̀rọ kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí òjò ń parí lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹkún náà kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Ó ń wá lẹ́yìn tí orí ẹ̀rọ bá ti dìde tán, nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré tó wà níbẹ̀ kó tó tún bọ́ sílẹ̀. Gírísì gbọ́ ọ láti ìkángun gbọ̀ngàn. Ó mú ìbọn, ó rìn lọ, ó ki ẹnu ìbọn bọ ihò tó yẹ, ó gbé ọwọ́ lé irin ìtẹ̀. Títẹ̀ ló kù. Ẹkún náà tún wá, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó lọ sókè, ó sì ṣẹ́ lójijì bí ìbéèrè tí ẹni tó ń béèrè ti gbé mì. Gírísì yọ ẹnu ìbọn. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, rẹ́kọ́dà ló wà lábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú ilé yìnyín, ó ní kí wọ́n tún un gbé sí i, ó sì tún ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Gírísì rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀. Ó béèrè bóyá ohùn náà yóò máa lágbára sí i. Gírísì ní bí gírísì kò bá kàn án, á máa jinlẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀mọ̀wé ní a jẹ́ pé kò tíì pọ́n nìyẹn, a kì í ká èso tí kò pọ́n. Wọ́n ti ní ibi tí wọ́n fẹ́ jáde sí: ilé sinimá àtijọ́ kan, níbi tí ọkùnrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì káàkiri ti ṣèlérí pé òun á wá gbọ́ wọn. Bí ohun tí wọ́n ṣe bá wọ̀ ọ́ létí, yóò gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé. Kí Gírísì fi ẹkún náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Kò sí ẹni tó tan Gírísì jẹ. Ó mọ ohun tí bíárìn gbígbẹ lè ṣe, nítorí pé mímọ ìyẹn ni wọ́n gbà á síṣẹ́ fún. Ó mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà. Ó wọn ẹkún náà lójoojúmọ́ bí ìyá ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ibà lára ọmọ, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣì kù díẹ̀. Ẹni tó ń wọn nǹkan máa ń rò pé wíwọ̀n náà ni ìtọ́jú.

Bọ̀dá Kẹta náà gbọ́ ọ níkẹyìn. Ó gbé ojú kúrò lára páànù, ó sì ké sí àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ènìyàn lódìkejì odò:

"Gírísì, fi gírísì sí i. Ẹ̀rọ yìí ń sunkún."

"Mo ti fi sí i, Bọ̀dá mi."

Ẹ̀gbọ́n fi orí dáhùn, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò yẹ ọrùn ẹ̀rọ wò. Kí ló fẹ́ máa yẹ̀ wò nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́? Lábẹ́ aṣọ Gírísì, rẹ́kọ́dà ń yí lọ ní gbogbo àkókò náà.

Ọ̀mọ̀wé ló rí ohun tó lè fi ohùn náà ṣe. Ó gé e, ó so ó mọ́ra rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá ti parí ló ń bẹ̀rẹ̀: fi gírísì sí i, fi gírísì sí i, ẹ̀rọ ń sunkún lábẹ́ rẹ̀, orí ẹ̀rọ ń bọ́ sílẹ̀ bí ìlù, ohùn Gírísì sì ń dáhùn láti òkèèrè pé òun ti fi sí i. Ó dára. Ẹni tó bá sọ pé kò dára purọ́. Aránṣọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó béèrè ẹni tó ni ohùn àgbà yẹn. Gírísì ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Aránṣọ tún béèrè pé ṣé ó fi sí i lóòótọ́. Gírísì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ wò ó díẹ̀, ó sì gbé maikirofóònù sẹ́nu.

Ilé sinimá náà kún. Bóyá orúkọ wọn ti ń tàn, bóyá kò sì sí ibòmíì láti lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó lè sọ. Nígbà tí ẹkún ẹ̀rọ jáde látinú sípíkà, àwọn èrò dákẹ́. Nígbà tí ohùn Bọ̀dá Kẹta wọlé, ẹnì kan níwájú gbà á, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á, kí Aránṣọ sì tó kọrin dé ìdajì, gbogbo ilé ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n fi gírísì sí i. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ pọ̀ láàárín wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀mọ̀wé gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì sì gba ọwọ́ wọn mú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, kásẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ yẹn ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Gírísì ti pinnu pé bí òun bá ti wọṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ̀rọ kẹta ni òun á kọ́kọ́ lọ bá. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú irinṣẹ́, ó sì kọjá ẹ̀rọ kìíní. Ó ń kọjá ẹ̀rọ kejì lọ́wọ́ nígbà tí orí ẹ̀rọ kẹta bọ́ sílẹ̀, tó dìde, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì na ọwọ́ láti yọ abọ́. Ẹ̀rọ náà kò dúró. Ó tún bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí etí Gírísì kọ́kọ́ mú, kí ojú rẹ̀ tó rí nǹkan kan, ni pé ẹkún náà ti dákẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, fọ́máànù ti ní kí wọ́n yọ bíárìn náà, kí wọ́n fi tuntun sí i, kí wọ́n sì kun ọrùn ẹ̀rọ ní ọ̀dà. Ohun tí ilé iṣẹ́ sọ ni pé òṣìṣẹ́ na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ láìdúró dè é. Wọ́n dá ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà pé àìkíyèsára ni, Bọ̀dá Kẹta yóò gba ẹnu ọ̀nà jáde pẹ̀lú ọwọ́ òsì àti àtàǹpàkò ọ̀tún, kò sì ní gba nǹkan mìíràn. Kò sí ilé iṣẹ́ tí yóò tún gbà á lẹ́yìn ìyẹn. Ta ló fẹ́ gba ẹni tí kò ní ìka, tí ìwé sì sọ pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ nù?

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ lọ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní ọsibítù. Gírísì wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń gbọ́. Akọ̀wé béèrè bóyá ẹ̀rọ náà dún lọ́nà tí kò yẹ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá Kẹta ní rárá, òun kò gbọ́ ariwo kankan. Ìgbà náà ni Gírísì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni Gírísì pa fún òun, ó sì ti yàn láti jókòó lé irọ́ náà mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i, nítorí pé bí ariwo bá wà, ẹnì kan ló yẹ kó gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni méjì tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìyẹn.

Wọ́n gbé e wálé. Ìyá wọn kò yé bá a wí. Ó ní ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ kan láti ìgbà èwe, tó tún wá lọ na ọwọ́ sẹ́nu ìkookò, kí ni kí òun ti pè é? Bọ̀dá Kẹta ní ó dáa, màámi, ẹ má bínú. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì de bọ́tìnnì. Bí Gírísì bá sún mọ́ ọn láti bá a dè é, á dúró gbọnyin títí yóò fi parí, á sì ní ó ṣeun. Wọ́n jọ ń sùn nínú yàrá kan náà, wọ́n jọ ń jí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀rọ. Ọ̀wọ̀ tó wà láàárín wọn di nǹkan tí ènìyàn lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe nínú òkùnkùn. Àwọn àgbà ní ọ̀tún ló ń wẹ òsì, tí òsì ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ fi ń mọ́. Gírísì rí ọwọ́ kan tó ń wẹ ara rẹ̀ nínú bàsíà ní àràárọ̀.

Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé yìnyín. Ó ní wọ́n ti pe òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ bi òun: ṣé òun fi gírísì sí i tàbí òun kò fi sí i? Ó ní òun fẹ́ sọ òtítọ́, òun sì fẹ́ mú kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀mọ̀wé fara balẹ̀ ṣe àlàyé fún un bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n á lé e níṣẹ́. Wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Wọ́n á gba gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé inú ọgbà ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti jí ohùn náà gbé, ọkùnrin tó ń tà á á sì sá. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó sínú òórùn ẹja á di òfo.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti yan ohun tó fẹ́," Ọ̀mọ̀wé ní. "Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kí ló dé tí o fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà tu Gírísì lára, nítorí pé ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ó yíjú sí Aránṣọ. Aránṣọ ń tú okùn kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," Aránṣọ ní. "O rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ náà sì kọrin."

"Mo kọrin," ó ní. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ẹ̀rọ mi lọ." Ó ní kí wọ́n bá òun gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀mọ̀wé kò dìde. Gírísì ló bá a gbé e.

Yàrá tí ìgbìmọ̀ jókòó sí tutù ju ilé yìnyín lọ. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wà láàárín, akọ̀wé wà ní ọ̀tún rẹ̀, fọ́máànù ní òsì. Bọ̀dá Kẹta dúró, aṣọ funfun di ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Wọ́n fún un ní àga, ó ní òun lè dúró. Wọ́n tún bi í léèrè nípa ariwo, ó tún ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Fọ́máànù ń wo orí tábìlì. Òun ló ní kí wọ́n yọ bíárìn náà, ó sì mọ bó ṣe gbẹ tó, tó dúdú bí èédú. Wọ́n wá pe Gírísì síwájú, ọ̀gá àgbà sì bi í bóyá ó fi gírísì sí ẹ̀rọ kẹta gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

"N kò fi sí i, sà."

"Irọ́ ló ń pa," Bọ̀dá Kẹta ní, kí ẹnikẹ́ni tó mí. "Ó fi sí i. Àánú mi ló ń ṣe é, ẹ má dá a lóhùn."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ohun tó dára ni kí ọmọ ìyá fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ibí yìí kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀bi bí ẹran. Ó ti ń wo akọ̀wé pé kó máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ ti fẹ́ parí. Bí Gírísì bá dákẹ́ báyìí, ó ti sọ òtítọ́, kò sì ní jìyà rẹ̀. Ẹni púpọ̀ ni yóò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Òun náà dúró díẹ̀. Kí a má fi ọ̀rọ̀ bò ó: ó dúró tó ohun tí ènìyàn fi ń gbèrò. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó gbé rẹ́kọ́dà sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹkún jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orí ẹ̀rọ tó ń bọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn tí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀: fi gírísì sí i, ẹ̀rọ yìí ń sunkún. Ohùn kejì dáhùn pé òun ti fi sí i. Wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n tún sọ ọ́. Fọ́máànù gbé orí sókè. Bọ̀dá Kẹta kò wo ẹnikẹ́ni; ẹ̀rọ kékeré náà ló ń wò, bí ènìyàn ṣe ń wo ẹranko tó kọ́kọ́ rí láyé rẹ̀. Ohùn Aránṣọ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni igbe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹsẹ̀ ń dún gìrìgìrì. Ọ̀gá àgbà fa ojú ro.

"Àwọn wo ló ń pariwo tẹ̀lé e yìí?"

"Èrò ni, sà."

"Kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Wọ́n ń jó ni, sà."

Ọ̀gá àgbà na ọwọ́, ó sì pa rẹ́kọ́dà náà fúnra rẹ̀. Wọn kò pẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó kìlọ̀, tí ìkìlọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́nu gbogbo ìlú, wọn kò lè pè é ní aláìkíyèsára mọ́. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ yóò ṣe ohun tó yẹ fún un nítorí ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ìjókòó ní yàrá irinṣẹ́. Wọ́n ní kí Gírísì bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó jáde, kó sì máa retí ohun tí wọ́n máa bá a sọ. Ó bọ́ ọ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká a sórí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jókòó sí.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá Bọ̀dá Kẹta tó fara ti ògiri. Ó ní, Bọ̀dá mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ méjì kan kọjá kó tó sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Mo mọ̀ pé o purọ́ fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti mọ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ọ́ ni. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó gbàgbé ni, ojú sì tì í láti sọ. Ìyẹn ni mo bò." Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà sún mọ́ àyà. "Àṣé o gbọ́ ọ. Àṣé ó dùn mọ́ ọ. N kò ní nǹkan tí mo lè fi bo ìyẹn."

Gírísì fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mi orí. Ó ní kó lọ sọ fún ìyá wọn kí òun tó délé, kó má sì dín in kù.

Kò dín in kù. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó sọ ti ẹkún, ó sọ ti rẹ́kọ́dà, ó sọ ti ilé sinimá. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin láìdá sí i. Gbogbo ohun tó bi í ni pé, gbogbo ìgbà tí òun fi ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé yìí, ṣé etí rẹ̀ ń gbọ́ òun? Gírísì ní ó ń gbọ́. Ìyá yí ojú sí ògiri.

Bọ̀dá Kẹta wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó kí ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Ó wá wọ yàrá tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń sùn. Ó ká ibùsùn rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí lé e, ó fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì onírin náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ sí yàrá ìyá wọn. Gírísì dìde láti bá a gbé e.

"Fi sílẹ̀."

Ó fi sílẹ̀. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fà á díẹ̀, á sinmi, á tún fà á. Irin ń han lórí sìmẹ́ǹtì, ohùn náà gùn, ó lọ sókè, ó ṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ kékeré wà láàárín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Gírísì bo etí méjèèjì. Kò fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó ti gbọ́ ọ ná. Ó ti mọ ibi tí ìlù máa bọ́ sí.